Ipa Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Nínú Ìtọ́jú Àyíká Ọgbà Ilé-Ẹ̀kọ́

Àwa ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ mọ ohun tí omíyalé ń ṣe. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya ní Ìbàdàn, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí àti dúkìá lọ. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, omi tún ya wọ ìlú náà, ẹ̀mí tí ó bá a lọ sì lé ní 100. Yunifásítì Ìbàdàn kò yọ sílẹ̀: omi wọ ọgbà ẹranko àti ibi ìsìn ẹja rẹ̀.

Òjò ńlá ni ó rọ̀, ṣùgbọ́n ilé etí odò àti ìdọ̀tí tí ó dí ojú àgbàrá a máa sọ irú òjò bẹ́ẹ̀ di ewu. Ọ̀rá kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó mu omi inú rẹ̀ tán, òjò yóò gbé e dé ojú àgbàrá, àgbàrá yóò sì gbé e wọ odò tí ó ń ṣàn gba àárín ìlú.

Nítorí náà, a rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ ya ọ̀rá, ike àti agolo sọ́tọ̀ kúrò lára àjẹkù oúnjẹ. Ike tí ó mọ́ ní ẹni tí ń rà á. Àjẹkù àti ewé gbígbẹ sì lè di ajílẹ̀.

2. Ẹ máa mú ike omi tí ó ṣeé tún rọ omi sí dání lọ sí kíláàsì.

3. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìgbé kọ̀ọ̀kan gbọ́n ojú àgbàrá wọn kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ẹ má ṣe fi ẹrẹ̀ tí ẹ kó jáde sílẹ̀ ní bèbè kòtò, nítorí òjò yóò gbé e padà.

4. Ẹ má ṣe dáná sun ọ̀rá. Èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

5. Kí àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ jọ́gíráfì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ sàmì sí ibi tí omi ti ń dúró nínú ọgbà, kí wọ́n sì fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ lé àwọn aláṣẹ lọ́wọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ yóò parí ẹ̀kọ́, yóò sì kúrò nínú ọgbà, ṣùgbọ́n ìwà tí ó bá kọ́ níbẹ̀ ni yóò bá a dé àdúgbò. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.