Bí Ojú Odò Turia Ṣe Di Ọgbà Ìgbafẹ́ ní Valencia

Ọgbà Turia, tó la ìlú Valencia ní orílẹ̀-èdè Sípéènì já, jẹ́ ojú odò tí omi ti fi sílẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1957, nígbà tí odò náà kún lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan, tí ìkún kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, tó sì pa ènìyàn tó lé ní 80. Ìrànwọ́ ìjọba Franco, apàṣẹwàá Sípéènì nígbà náà, falẹ̀; mẹ́yọ̀ ìlú náà, Tomás Trénor Azcárraga, bá ìjọba wí ní gbangba, wọ́n sì yọ ọ́ nípò ní ọdún 1958.

Ohun tí ìjọba ṣe lẹ́yìn náà ni Plan Sur, ìyẹn ètò ìhà gúúsù, tí wọ́n fi gbẹ́ ojú odò tuntun tó gùn tó kìlómítà 12 gba inú huerta, ilẹ̀ oko ọlọ́ràá tí àwọn àgbẹ̀ ti ń fa omi odò sí láti ayé àwọn ọba Mùsùlùmí. Nígbà náà, gbogbo ẹni tó bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti Valencia ló ń lẹ sítáǹpù sẹ́ńtímò 25 mọ́ ọn ní àfikún nítorí iṣẹ́ yìí, àmọ́ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n gba ilẹ̀ wọn ló san èyí tó pọ̀ jù.

Òpópónà márosẹ̀ ni àwọn aláṣẹ fẹ́ là sínú ojú odò àtijọ́, kí ọkọ̀ láti Madrid lè máa já sí èbúté. Àwọn ará ìlú kọ̀ jálẹ̀, ìwé ìròyìn Las Provincias sì gbè wọ́n lẹ́yìn; nígbà tí Franco kú ní ọdún 1975, ohùn wọn túbọ̀ le, ọba Juan Carlos sì fi ilẹ̀ náà lé ìlú lọ́wọ́ ní ọdún 1976. Ricardo Bofill, ayàwòrán-ilé, ya àwòrán ọgbà ní ọdún 1982, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ̀ márosẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí pé àìsí wọn ni kò ní jẹ́ kí Bofill rí ilẹ̀ yà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí ìkún omi tún dé, ojú odò tuntun gba omi Turia, àárín ìlú kò sì rì; ṣùgbọ́n ojú àgbàrá Poyo, tí kò sí lára iṣẹ́ Plan Sur, ya wọ ìlú Paiporta àti Catarroja, ó sì ya wọ La Torre, àdúgbò Valencia tó wà ní òdìkejì ojú odò tuntun.