Ta ló sọ ògógóró di ọtí tí òfin ò gbà?

Ẹ bá mi jókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Thread kékeré ni 🧵

Ní àwọn abúlé tó yí Ìyànà Ọ̀fà ká, adẹ́mu ló ń dá ẹmu, òun náà ló ń tà á fún ẹ. Kò sí alágbàtà, kò sí wàhálà.

Ṣùgbọ́n kó gbé ẹmu yẹn kaná nínú garawa, kí ooru rẹ̀ gba inú páìpù bàbà kọjá nínú omi tútù, kó máa kán sínú ìgò? Ní ayé òyìnbó, ẹ̀wọ̀n tàbí owó ìtanràn nìyẹn. Ẹmu kan náà o!

Kí ló fà á? Ẹ tẹ̀lé owó. Kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀, jínnì láti Jámánì àti Holland ló kún èbúté Èkó. Owó ibodè tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀ ni ìjọba gúúsù Nàìjíríà gbára lé jù.

Àwọn aláwọ̀ funfun ti ṣe àdéhùn kan nípa ọtí ní Brussels ní 1890. Ní 1919, wọ́n tún ṣe òmíràn ní Saint-Germain: kò sí jínnì olówó pọ́ọ́kú fún Áfíríkà mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sè é níbẹ̀. Wọ́n ní ààbò wa ni àwọn ń wá. Jínnì olówó ńlá ṣì ń wọlé sha, wọ́n ṣáà ń gba owó ibodè lórí ẹ̀ 🙄

Nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ta ló fẹ́ ra ọtí òyìnbó? Ògógóró bá gbilẹ̀ láti etí omi wọ ìlú. Ọlọ́pàá ń lé wọn nínú igbó, wọn ò dáwọ́ dúró.

Ghana náà jìyà ẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn òmìnira, ìjọba Nkrumah fàyè gba akpeteshie.

Tiwa ńkọ́? Ní 2015, ọtí tí methanol wà nínú ẹ̀ pa èèyàn ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ojú àwọn kan kọ́kọ́ fọ́. Ohun burúkú gbáà ni, mi ò ní fi ṣeré. Ìjọba bá fòfin de ògógóró pátápátá. Lójú tèmi, kí wọ́n forúkọ àwọn tó ń sè é sílẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ ìgò wọn wò, ìyẹn ni ì bá dáàbò bo èèyàn.

Ní 2024, NAFDAC kọjú sí ọtí inú sáṣẹ́ẹ̀tì. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pariwo, wọ́n sì fún wọn láyè di ìparí 2025.

Ta ló fún àwọn tó ń sè é nínú igbó láyè rí?