Ìpín EFI tó kún: bí a ṣe lè fún un láyè kí update BIOS lè wọlé

Ọ̀pọ̀ laptop tòkunbọ̀ tí a rà fún àwọn ọmọ wa ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí update BIOS yóò fi dé. Update náà lè wá kọ̀ láti wọlé. Bí ẹ bá wo C, àyè ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ibòmíràn ló kún.

Apá kékeré kan wà nínú dísìkì tí a kì í rí láàárín àwọn fódà wa. EFI System Partition ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń mú ohun tó fi ń tan Windows, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ update firmware máa ń gbé fáìlì wọn sí. MB 100 péré ni Windows sábà máa ń fún un. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, nítorí àwọn ìwé ẹ̀rí Secure Boot ti ọdún 2011 kò ní kọjá ọdún 2026, àwọn kọ̀ǹpútà kan sì nílò update BIOS kí wọ́n tó lè gba tuntun.

Windows kò lè fa ìpín yìí gùn, nítorí FAT32 ni, ìpín MB 16 kan sì sábà máa ń wà láàárín òun àti C. Àwọn ètò kan máa ń sún gbogbo C kúrò ní ipò rẹ̀ láti fún un láyè. A kò fara mọ́ èyí níbi tí iná ti lè lọ nígbàkigbà. Ó sàn kí ẹ ṣe ìpín tuntun, kí ẹ fi ti àtijọ́ sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ da fáìlì yín kọ sórí dísìkì mìíràn: èsì ìdánwò ọmọ, àkọsílẹ̀ owó mọ́ṣáláṣí. Tawakkul kò ní ká má ṣe ẹ̀dà. Bí BitLocker bá wà, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Ẹ ní flash Windows nítòsí, kí bátìrì kún, kí ṣájà sì wà lára rẹ̀.

Nínú Disk Management, ẹ dín C kù ní MB 600. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ tẹ "diskpart", lẹ́yìn náà "list disk". Bí kò bá sí àmì ìràwọ̀ lábẹ́ Gpt fún dísìkì Windows yín, ẹ dúró níbẹ̀. Ọ̀nà yìí kì í ṣe fún un. Bí ó bá wà, ẹ yan dísìkì náà, bíi "select disk 0", kí ẹ tẹ "create partition efi size=500". Bí èyí bá mú àṣìṣe wá, ẹ má ṣe tẹ ohun tó kàn, nítorí "format" lè bọ́ sórí ìpín mìíràn. Ẹ má sì tẹ "clean" láé: gbogbo dísìkì ló ń pa rẹ́. Bí ó bá yọrí, ẹ tẹ "format quick fs=fat32", "assign letter=S", àti "exit".

Ó wá ku "bcdboot C:\Windows /s S: /f UEFI". Ẹ tún kọ̀ǹpútà tan. Bí kò bá tan, ẹ fi flash Windows tan án, kí ẹ tún ṣe bcdboot sí ìpín àtijọ́, tó ṣì wà bó ṣe wà. Bí ó bá tan, ẹ ṣe update BIOS. Ẹ má tíì fọwọ́ kan MB 100 àtijọ́ yẹn títí kọ̀ǹpútà yóò fi tan dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan.