dpkg

Dpkg ni ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń fi àpò sọ́fítíwíà sórí ẹ̀rọ tí ó ń lo Debian, tí ó ń yọ wọ́n kúrò, tí ó sì ń ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo fáìlì tí àpò kọ̀ọ̀kan mú wá. Debian jẹ́ ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà irú ti Unix tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 1993. Ubuntu àti ọ̀pọ̀ ètò mìíràn tí ó ṣẹ̀ wá láti ara Debian ń lo dpkg pẹ̀lú.

Ìtàn

Murdock kọ ẹ̀dà àkọ́kọ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún un kọ ní èdè Perl, kí Ian Jackson tó fi èdè C tún èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kọ lọ́dún kan náà. APT, tí ó ń lọ mú àpò wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, dé pẹ̀lú Debian 2.1 ní ọdún 1999. APT ni àwọn òǹlò sábà máa ń bá pàdé, ṣùgbọ́n dpkg ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an lábẹ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń di àpò

Kì í sábà jẹ́ ẹni tí ó kọ sọ́fítíwíà ni ó ń dì í fún Debian. Alábòójútó àpò ni ó ń gba kóòdù ìpìlẹ̀, tí ó sì ń fi àpamọ́ kan tí a pè ní «debian» kún un. Inú àpamọ́ yìí ni ìlànà ìdìpọ̀ àti àwọn àtúnṣe tí alábòójútó ṣe wà. Kóòdù ti òǹkọ̀wé wà lọ́tọ̀, àtúnṣe wà lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni lè rí ohun tí ó yí padà. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .deb ni àbájáde iṣẹ́ yìí.

Àṣẹ lórí ẹ̀rọ

Lórí Unix, gbogbo fáìlì ni ó ní olówó, ẹgbẹ́ àti àṣẹ láti kà á, láti kọ nǹkan sí i tàbí láti mú un ṣiṣẹ́. Root nìkan, ìyẹn ọ̀gá àgbà ẹ̀rọ, ni ó lè fi dpkg gbé àpò sórí ẹ̀rọ, àṣẹ root náà sì ni àwọn ìlànà inú àpò, bíi postinst, fi ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gba àpò kan wọlé ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé ẹni tí ó dì í lọ́wọ́.

Alábòójútó ẹ̀rọ lè fẹ́ kí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo máa lo ètò kan. Bí ó bá fi chmod nìkan yí àṣẹ padà, ìgbà tí ẹ̀dà tuntun bá dé ni àyípadà náà yóò parẹ́. Aṣẹ dpkg-statoverride ni ó ń jẹ́ kí dpkg rántí ìpinnu rẹ̀.

Láti Debian 4.0 ti ọdún 2007 ni APT ti ń yẹ ìbuwọ́lù wò. Kì í ṣe àpò kọ̀ọ̀kan ni a ń buwọ́ lù bí kò ṣe fáìlì Release, tí ó jẹ́rìí sí àkójọ orúkọ àwọn àpò. Àkójọ yìí ni ó ń jẹ́rìí sí àpò.

Àṣìṣe OpenSSL

Ìbuwọ́lù kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ àṣìṣe ẹni tí ó buwọ́ lù ú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, àtúnṣe kan wọ inú àpò OpenSSL ti Debian láti pa ìkìlọ̀ tí irinṣẹ́ Valgrind ń ṣe lẹ́nu mọ́. Àtúnṣe yìí yọ orísun àìròtẹ́lẹ̀ tí a fi ń ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ kúrò, nọ́ńbà iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń fún ètò nìkan ni ó sì ṣẹ́ kù. Nọ́ńbà wọ̀nyí kò ju 32,768 lọ, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀tá lè ka gbogbo kọ́kọ́rọ́ tí ó ṣeé ṣe tán. Luciano Bello ni ó rí i, Debian sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 2008. Títún àpò ṣe kò tó: gbogbo kọ́kọ́rọ́ SSH tí a ti fi ẹ̀dà náà ṣe, títí kan èyí tí a ti gbé lọ sórí ẹ̀rọ tí kì í ṣe ti Debian, ni a ní láti pààrọ̀. Debian fi àkójọ àwọn kọ́kọ́rọ́ tí kò dára ránṣẹ́, kí SSH lè máa kọ̀ wọ́n.