Omi Gbígbóná Nínú Páìpù: Bí Àwọn Tó Ṣáájú Wa Ṣe Kojú Òtútù Lọ́ńdọ̀nù

Ní Igbógílà, lápá Ayétòrò, ọyẹ́ ni òtútù tí a mọ̀. Bó bá dé lápá ìparí ọdún, à á yá iná láàárọ̀, à á fi òrí para, ètè á sì máa là. Kó tó di ọ̀sán, oòrùn ti lé e lọ. Ẹni tó bá gbé ìmọ̀ òtútù yìí wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láyé àtijọ́ kò tíì rí nǹkan kan. Lọ́hùn-ún, omi inú páìpù gan-an ń dì.

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ti wà níbẹ̀ báyìí, àwọn kan láàárín wa sì ń retí físà. Kí ni àwọn tó ṣáájú fi yá iná?

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ, 1925 ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, àti Dókítà Herbert Bankole-Bright láti Sierra Leone dá WASU sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. (Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá, ẹ ti gbọ́ “wáàsù” nínú orúkọ náà. Ṣólàńkẹ́ náà gbọ́ ọ.) Wàhálà ilé wà lára ohun tó ká wọn lára jù, torí ọ̀pọ̀ onílé kì í fún aláwọ̀ dúdú ní yàrá. Láti 1929 sí 1932 ni Ṣólàńkẹ́ fi rin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ká, tó ń wá owó ilé. Ní 1933 wọ́n ṣílé sí 62 Camden Road. Opeolu, ìyàwó rẹ̀, ló ń bójú tó o. Ọ̀rọ̀ òṣèlú nìkan ni ìwé sábà máa ń fi ilé yìí sọ. Lójú tiwa, yàrá tó móoru ló kọ́kọ́ jẹ́, owó ilé wa níbí sì wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, èrò pọ̀ ju ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ lè gbà. Yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ń háyà nínú ilé ògbólógbòó. Bí iná gáàsì bá wà, ṣílè ni wọ́n ń jù sínú mítà. Bí ṣílè bá tán, iná kú. Ohun tí wọ́n wá gbára lé ni sítóòfù kẹrosíìnì tó ṣeé gbé káàkiri. Kò wọ́n. Ṣùgbọ́n lítà kẹrosíìnì kan tó bá jó ń tú omi bíi lítà kan sínú afẹ́fẹ́ yàrá. Ògiri á tutù, á sì hu èbu. Bí o bá ṣí fèrèsé, òtútù wọlé; bí o bá tì í, èéfín ni wàá máa fà símú. Èyí tó burú jù ni pé sítóòfù náà máa ń dà wó, a sì máa jólé mọ́ ènìyàn. Ìjọba ibẹ̀ ṣòfin lórí wọn ní 1960.

Ìgbà òtútù 1962 sí 1963 ló wá dán gbogbo wọn wò. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì, ó sì di oṣù Kẹta kó tó yọ́ tán. Omi tó bá dì a máa wú, páìpù kò sì lè fẹ̀ fún un, ni ó bá bẹ́.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó dára jù ti wà tipẹ́. Ní 1831 ni Angier March Perkins ti gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bọ́ílà ń se omi, omi ń gba páìpù lọ sí radiétọ̀ yàrá kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ooru sílẹ̀, ó sì ń padà wá gbóná. Èéfín kò dé yàrá. Àmọ́ kódà ní 1970, ilé tó ní in nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tó ìdajì, 1968 ni òfin sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ka à ń torí àwọ̀ fi yàrá du ènìyàn léèwọ̀. A kò lè di ẹ̀bi òtútù yẹn ru ojú ọjọ́ nìkan.

Lónìí, kí òtútù tó dé, kọ́kọ́rọ́ kékeré ni wọ́n fi ń tú afẹ́fẹ́ tó há sínú radiétọ̀ jáde. Àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ tí wọ́n sọ dilé ń lo irú ẹ̀rọ yìí náà. Tiwọn ni láti yẹ glycol inú omi rẹ̀ wò, èyí tí kì í jẹ́ kó dì, kí wọ́n tó tan bọ́ílà.