Ẹ Lọ Wò Ó Kó Tó Wó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá rìn jìnnà ni yóò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó jọ pé àwa tí à ń gbé ní agbègbè Ṣàngó Toll Gate ti gba òwe náà gbọ́ jù. Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan lọ wo ilé àtijọ́, ìlú òyìnbó ni ọkàn wa máa ń lọ. Àwọn òyìnbó náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Láti 1895 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, National Trust, tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ kí ó má bàa parun, tí èèyàn sì ń sanwó kó tó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wa pé àwa ò ní tiwa?

Ẹ dúró sí Toll Gate kí ẹ wò ó. Ọ̀nà Abẹ́òkúta rèé, ọ̀nà Èkó rèé. Ọ̀nà Ìdírókò náà yà ní Ṣàngó, ó gba Ọ̀tà lọ. Ẹni tó bá sì yà ní Àtan yóò já sí Àgbárá, yóò bọ́ sójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Kò sí èyí tí kò ní ilé ìtàn tirẹ̀ nínú wọn.

Orúkọ Toll Gate gan-an, ìtàn ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2004 ni ìjọba àpapọ̀ fòpin sí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ lójú títì, síbẹ̀ kọ̀ndọ́ ò yéé pariwo "Toll Gate! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Kí òyìnbó tó dá títì ni a sì ti ní oníbodè tó ń gbowó lọ́wọ́ oníṣòwò. Ọ̀nà etíkun kì í ṣe ohun eré nígbà náà. Ẹ̀gbá fẹ́ kó ṣí sílẹ̀ fún òwò àti ìbọn, ìyẹn ló sì jẹ́ kí wọ́n bá Ọ̀tà jagun, tí wọ́n ṣẹ́gun ìlú náà ní nǹkan bí 1842.

Ẹ jẹ́ ká gba Àgbádárìgì lọ ná. Ibẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, létí ọ̀sà. Àwọn ajíhìnrere CMS ló kọ́ ọ, 1845 ni wọ́n sì parí rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ lè ní, "Ṣé èyí náà nìyí?" Ilé àwọn olówó ìsinsìnyí ga jù ú lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n parí rẹ̀ yẹn ni Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther dé Àgbádárìgì. Ọmọ Òṣoògùn ni, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821. Ó dúró ní Àgbádárìgì di 1846 kó tó kọjá sí Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ló sì ti rí Àfàlà ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Crowther yìí wà lára àwọn tó sọ èdè Yorùbá di kíkọ àti kíkà. Ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí, ọmọ iṣẹ́ wọn ni.

Nínú ìlú kan náà ni ilé Séríkí Williams Àbáàsì wà, ilé tí wọ́n ń há ẹrú mọ́ kí ọkọ̀ tó dé. Àwọn tó ń mú àlejò yípo máa ń sọ pé 40 ẹrú ni wọ́n ń kì bọ yàrá kóńkóló kan ṣoṣo. Wọ́n a tún ní agboòrùn kan péré, 40 ẹrú ni wọ́n fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ara èèyàn á bù máṣọ.

Ṣùgbọ́n ìtàn onílé fúnra rẹ̀ ló lágbára jù. Ọmọ Ìjọgà-Orílé ni, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Ifárẹ̀mílẹ́kún ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré. Àbáàsì ará Dàhómì rà á, Williams tó ń ṣòwò ẹrú ní Brazil tún rà á lọ́wọ́ ìyẹn. Nígbà tó padà wálé, òun náà di oníṣòwò ẹrú, ó là, ó joyè, ó sì kú ní 1919. Ṣé ẹ rí i? Orúkọ àwọn méjì tó rà á bí ẹni ra ewúrẹ́ ló ń jẹ́ títí tó fi wọ kòtò. Bí wọ́n bá wó ilé yẹn, ta ni yóò gbà gbọ́ pé irú èyí ṣẹlẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká padà sí Toll Gate, ká kọjú sí Abẹ́òkúta. Ààfin Aké ń bẹ níbẹ̀, kì í sì í ṣe ìtàn ọba nìkan ló ń sọ. Ní ìparí 1947, iwájú ààfin yẹn ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ti péjọ lọ́pọ̀ yanturu tí wọ́n sì sùn mọ́jú, nítorí owó orí tí wọ́n di rù wọ́n. Ní 1948, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo. Ó di 1950 kó tó padà. Bí èèyàn bá kà á nínú ìwé, ọ̀rọ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró lórí ilẹ̀ yẹn, ẹ ó mọ bí àyà àwọn ìyá wa ti le tó.

Ó wá ku ọ̀nà Èkó, ọ̀nà ẹ̀dùn. Ní Tinúbú Square ni Ilojo Bar wà, tí wọ́n tún ń pè ní Casa do Fernandez. Ìdílé Fernandez, àwọn Àgùdà, ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1855, pẹ̀lú ọgbọ́n ilé kíkọ́ tí àwọn Àgùdà kó bọ̀ láti Brazil. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ Sunday, 11 September 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

A máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ má jẹ́ kí òwe náà tàn yín jẹ. Èyí tí wọ́n bá tún kọ́ nìkan ló ń bù kún ẹwà. Ohun tó wó ní Tinúbú lọ́jọ́ yẹn, bí wọ́n tilẹ̀ kọ́ òmíràn síbẹ̀, kò lè jẹ́ ti 1855 mọ́.

Kí ló dé tí òfin ọgọ́ta ọdún kò lè gba ilé kan là? Lójú tèmi, ìwé òfin kì í ṣọ́ ilé; ẹsẹ̀ èèyàn ló ń ṣọ́ ọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń gba Tinúbú kọjá lójúmọ́, mélòó ló yà wo ilé náà? Ẹ wo Ghana nítòsí wa. Àwọn Potogí kọ́ ilé olódi Elmina ní 1482, àwọn èèyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó títí dòní. Nígbà tí Obama lọ sí Ghana ní 2009, ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé olódi Cape Coast, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọ́kọ̀. Ta ni yóò gbé katapílà lọ síbi tí gbogbo ayé ń wò?

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ìyá, bí iléèwé bá gba ọlidé, ẹ kó àwọn ọmọ sọ́kọ̀. Ẹ bọ́ sí Aké, ẹ bọ́ sí Àgbádárìgì. Bí owó ọkọ̀ bá nira, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé àárín Ọ̀tà, kí ẹ bi àwọn àgbà léèrè ilé tó pẹ́ jù ní àdúgbò wọn, ẹni tó kọ́ ọ, àti ẹni tó kú síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fún ẹni tó bá mú yín yípo lówó, nítorí ó yẹ kí olùṣọ́ ilé jẹun.

Ọmọ tó bá ti fọwọ́ kan ògiri ilé kan kò ní dákẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wó o.