Àyà Lílù Kì í Ṣe Àyà Jíjá: Bí Ọpọlọ Ṣe Ń Gba Ìròyìn Ara Nínú PTSD

Èrò kan ti gbilẹ̀ láàrin àwọn tó ń kọ̀wé lórí PTSD pé ẹni tí ogun, ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí ìfipábánilòpọ̀ kó àárẹ̀ yìí bá ti di adití sí ara rẹ̀: ọkàn rẹ̀ ń lù, ọpọlọ rẹ̀ kò gbọ́. Èrò náà rọrùn láti fi kọ́ni, àmọ́ ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò gbè é. N kò ní í tún máa ṣàlàyé ohun tí PTSD jẹ́, tàbí bí iṣan vagus ṣe ń gbé ìròyìn ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti ikùn lọ sí ìdí ọpọlọ kó tó dé insula. Ẹni tó bá ń ka ìwé wa yìí ti mọ̀ ọ́n. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Èdè wa ti la ọ̀rọ̀ náà fún wa. Ẹni tó sáré gun àtẹ̀gùn á ní àyà òun ń lù kì-kì-kì. Ẹni tó ṣàdédé rí ejò lójú ọ̀nà oko á ní àyà òun já. Ọkàn kan náà ni, ó sì lè yára bákan náà nínú méjèèjì, síbẹ̀ kò sí ọmọ Yorùbá tó máa fi gbólóhùn kan rọ́pò èkejì. Lílù jẹ́ ìròyìn. Jíjá jẹ́ ìdájọ́ lórí ìròyìn. Ní 1871, Jacob Mendes Da Costa, dókítà ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ ogun Ogun Abẹ́lé wọn tí ọkàn ń lù fìtìfìtì, tí àyà ń dùn, ó sì ka wàhálà náà sí ti ọkàn fúnra rẹ̀. Òun wá àrùn náà sínú ìlù. Àwọn tí mò ń dá lóhùn ń wá a sí ojú ọ̀nà tí ìlù ń gbà. Ibi tí lílù ti ń di jíjá gan-an ni kò sẹ́ni tó wò nínú wọn. Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbójú lé ni ìdánwò tí Rainer Schandry gbé jáde ní 1981: kí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́, kó ka iye ìgbà tí ọkàn rẹ̀ lù láìfọwọ́ kan ara. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ̀ pé ọkàn máa ń lù tó nǹkan bí 70 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan lè méfò, kó sì gbà á. Ẹni tí ọkàn tirẹ̀ ń sáré ju bó ṣe rò lọ lè kùnà, láìjẹ́ adití rárá. Abájọ tí Sarah Garfinkel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi yà á sọ́tọ̀ ní 2015 pé bí ènìyàn ṣe gbọ́ ara rẹ̀ sí yàtọ̀ sí bó ṣe gbà pé òun gbọ́ ọ sí, àti pé bí méjèèjì bá ṣe bára mu tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tó bá ń fi àmì ìdánwò kan ṣoṣo dájọ́ gbogbo rẹ̀ ń da ẹ̀wà pọ̀ mọ́ òkúta ni.

Ní 2013, Justin Feinstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí àwọn aláìsàn mẹ́ta tí amygdala wọn ti bàjẹ́ lọ́tùn-ún lósì fa afẹ́fẹ́ tó ní kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì ìdá 35 nínú 100 símú. Amygdala ni ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní ojúkò ẹ̀rù, síbẹ̀ jìnnìjìnnì bo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lóòótọ́, wọn kì í ṣe ẹni tó ní PTSD. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé ìròyìn inú ara ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà di ẹ̀rù, bí ẹnubodè kan tilẹ̀ wó. Nínú ìtọ́jú PTSD pàápàá, wọ́n máa ń ní kí àwọn aláìsàn kan sáré lójú kan títí ọkàn wọn á fi máa lù kíkankíkan, kí wọ́n lè rí i pé ìlù náà kò pa wọ́n. Ẹni tí kò gbọ́ ìlù, kí ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fẹ́ ṣe fún un?

Àtakò tó lágbára jù wá láti inú iṣẹ́ Ruth Lanius àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n kà á fáwọn aláìsàn bí àjálù tó bá wọn ṣe ṣẹlẹ̀. Nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ni ọkàn wọn sáré, àmọ́ nǹkan bí ìdá 30 tutù, wọ́n ní ó dà bíi pé àwọn kò sí nínú ara àwọn. Ìyapa yìí ni DSM-5 gbà wọlé ní 2013. Ṣé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe adití? Ìwádìí kan náà fèsì: iwájú ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ àṣejù, ó ń tẹ ẹ̀dùn ọkàn rì. Ohun tí etí kò gbọ́, kò sẹ́ni tí í fọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Mo gbà pé iye àwọn tí wọ́n ti yẹ̀ wò kò pọ̀, pé ìdánwò tó dára ju ti kíkà lọ ṣì ń bọ̀. N kò sọ pé ẹjọ́ ti parí. Síbẹ̀, bí nǹkan ṣe rí títí di ìsinsìnyí, ìtumọ̀ ló wọ́, ìròyìn ń dé.

Níbí ni iṣẹ́ tó kàn ti ń pè mí. R. O. A. Makanjuola kọ̀wé ní 1987 lórí ọdẹ orí láàrin àwọn aláìsàn Yorùbá: nǹkan ń rìn lórí, etí ń ho, àyà ń lù. Ìwé ìbéèrè táwọn onímọ̀ fi ń wọn ìmọ̀lára inú ara kò ní ibì kankan fún ohun tó ń rìn lórí, kò sì mọ ìyàtọ̀ àárín 'ara fu mí' àti 'ara ń gbọ̀n mí'. Kíkó irú gbólóhùn wọ̀nyí jọ, àti dídán wọn wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn, ni mo fẹ́ dáwọ́ lé. Kó tó dìgbà náà, ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì wa, bí aláìsàn bá sọ fún yín pé àyà òun ń já, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ ń sáré. Ẹ kọ ohun tó sọ.